Àbùlà dà sórí àga aláwọ̀ kírímù: kí ni kí n kọ́kọ́ fi sí i?

Ìyàwó Bódìjà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. A sọ ọmọ wa lórúkọ lánàá. Èrò pọ̀, oúnjẹ pọ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Nígbà tó di ọwọ́ ọ̀sán, ọmọ kékeré kan ń sáré kọjá níbi tí bàbá ọkọ mi jókòó sí, ló bá fara gbá àwo àmàlà wọn. Àbùlà ni wọ́n ń jẹ: gbẹ̀gìrì, ewédú, ọbẹ̀ ata tí epo léfòó lórí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ dà sórí àga elérò mẹ́ta tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ oníṣẹ́ àga lóṣù tó kọjá. Aláwọ̀ kírímù ni aṣọ àga náà.

Àwọn tó wà nítòsí fi ṣíbí kó èyí tó ṣeé kó, wọ́n fi tíṣù tẹ ìyókù. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má da omi sí i títí màá fi rí ẹni bi. Ní báyìí, ewédú ti gbẹ mọ́ ọn, ibi tí epo dé sì pọ́n fòò. Tìmùtìmù ìjókòó ní síìpù lẹ́yìn, mo lè bọ́ aṣọ rẹ̀. Ẹ̀yìn àga ni kò ṣeé bọ́, píìnì ni wọ́n fi kàn án mọ́ igi. Kò sí lébẹ́ẹ̀lì kankan tó sọ irú aṣọ tó jẹ́, mo kàn mọ̀ pé ó nípọn.

Ìyá ọkọ mi ní kí n bu Hypo sí omi kí n fi fọ̀ ọ́. Ọkọ mi ní ká wá ẹni tó ń fọ àga. Ìnáwó ìkómọ ti gbọ́n àpò wa gbẹ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè fi ọwọ́ ara mi ṣe?

Ọmọ Òkè Àdó

Ẹ kú ewu ọmọ o. Àwọn mẹkáníìkì àdúgbò wa, kẹrosíìnì ni wọ́n fi ń yọ gírísì lọ́wọ́ àti lára aṣọ wọn. Epo ló ń lé epo. Ẹ fi òwú bọ̀ ọ́ díẹ̀, kí ẹ fi nù ún, lẹ́yìn náà kí ẹ fi Omo fọ̀ ọ́.

Ìyá Alágbàfọ̀ Mọ́kọ́lá

Ìyàwó wa, ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ìnáwó. Ọlọ́run á wo ọmọ náà dàgbà. O ṣe dáadáa gan-an tí o kò jẹ́ kí wọ́n da omi sí i.

Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni bàbá mi ṣe ní Mọ́kọ́lá láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń kó èédú sínú áyọ́ọ̀nù, ọwọ́ wọn ni mo ti kọ́ ọ. Bí oníbàárà bá gbé aṣọ alábàwọ́n wá, bàbá mi kì í fọwọ́ kan omi títí wọn á fi mọ ohun tó dà sí i. Wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á fi èékánná họ ọ́ wò, wọ́n á bi oníbàárà ohun tó jẹ lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè yẹn ló ń gba aṣọ là, torí ohun tó ń yọ àbàwọ́n kan lè jẹ́ ohun tí yóò mú òmíràn jókòó síbẹ̀ pátápátá.

Nínú àbùlà, àbàwọ́n mẹ́ta ló wà. Ewédú máa ń le koko lójú aṣọ bó bá gbẹ, àwọ̀ ewé rẹ̀ á sì wà lábẹ́. Gbẹ̀gìrì, ẹ̀wà ni, ẹ̀wà sì máa ń dì mọ́ òwú bí ooru bá kàn án, bí funfun ẹyin ṣe ń dì nínú omi híhó. Epo ni ẹ̀kẹta, òun ló gbé àwọ̀ ata àti àwọ̀ ara rẹ̀ wọ inú òwú lọ. Bí o bá bu omi gbígbóná sí i nítorí epo, gbẹ̀gìrì á gan mọ́ ọn, epo tó yọ́ á sì rìn wọ inú fómù. Ohun tí mo fẹ́ kí o dì mú ju gbogbo nǹkan tí màá sọ lọ nìyí: má jẹ́ kí ooru kan àbàwọ́n yìí títí yóò fi jáde. Má fi omi híhó fọ̀ ọ́, má gbé áyọ́ọ̀nù lé e, má fi ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun fẹ́ ẹ.

Hypo kì í yọ epo. Àwọ̀ ló ń pa. Ó lè pa díẹ̀ nínú àwọ̀ epo, á sì pa àwọ̀ kírímù àga rẹ mọ́ ọn, ibẹ̀ á wá funfun gbòò láàárín àga, kò sì sẹ́ni tó lè dá a padà. Inú fómù ni ìyókù rẹ̀ yóò sì lọ dúró sí. Aṣọ inú korobá, a lè ṣan án títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Fómù tó wà lára igi, báwo la ṣe fẹ́ ṣan án? Fi ọ̀wọ̀ sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé aṣọ òwú funfun tí a ń rẹ sínú omi ni Hypo wà fún.

Ọmọ Òkè Àdó, ọmọ mi, òótọ́ ni pé kẹrosíìnì ń tú epo. Ṣùgbọ́n bó bá tú u tán, ìsàlẹ̀ ló ń kó o lọ. Òórùn rẹ̀ kì í tètè kúrò nínú fómù, ohun tó bá sì ti mu kẹrosíìnì, iná ò jìnnà sí i. Ilé tí ọmọ jòjòló wà, a kì í gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wọ pálọ̀. Ti bẹntiróò burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyàwó wa, ohun tí wàá ṣe rèé. Fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ tàbí etí ṣíbí họ ewédú gbígbẹ náà díẹ̀díẹ̀, kí o máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a kúrò. Má tíì fi omi kàn án, torí ewédú tó bá tún rí omi á tún yọ̀, á sì tún tàn ká. Lẹ́yìn náà, bu àtíkè sórí ibi tí epo wà kó nípọn, kí o fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Àtíkè funfun tí kò ní àwọ̀ ni o. Bí kò bá sí, ìyẹ̀fun àgbàdo funfun á ṣe é. Má fi èlùbọ́ ṣe é, àwọ̀ tirẹ̀ á tún kún ti epo. Jẹ́ kó sùn síbẹ̀ mọ́jú, kí o gbọ̀n ọ́n dànù. Bí o bá rí i pé àtíkè náà pọ́n, epo ló fà yẹn, bu òmíràn sí i. Má kánjú kúrò lórí èyí. Gbogbo epo tí àtíkè bá ti gbé lọ, ọṣẹ ò ní bá a jà mọ́.

Kí ọṣẹ tó kàn án, wá ibi tí ojú ò tó lábẹ́ àga. Fi aṣọ funfun tó tutù pẹ̀lú ọṣẹ tẹ ibẹ̀, kí o mú un síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí àwọ̀ àga bá ràn mọ́ aṣọ funfun náà, dúró, pe ẹni tó ń fọ àga. Bí kò bá ràn, máa bá iṣẹ́ lọ.

Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ àwo ni mo fẹ́ kí o lò, torí iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an ni kó gbá epo kúrò. Ṣíbí tíì kan nínú ife omi méjì ti tó, kí omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má gbóná. Pò ó kó hó, kí o bu ìfófòó orí rẹ̀ nìkan. Ìfófòó lo fẹ́, o ò fẹ́ omi tó máa wọ fómù. Bẹ̀rẹ̀ láti etí àbàwọ́n wá sí àárín, torí bí o bá bẹ̀rẹ̀ láti àárín, o ń fẹ̀ ẹ́ sí i ni. Máa tẹ̀ ẹ́, má ra á. Ríra máa ń ti epo wọnú, á sì mú kí ojú aṣọ hu. Fi aṣọ mìíràn tó ní omi mímọ́ gbé ọṣẹ kúrò, fi tòwẹ́ẹ̀lì gbígbẹ tẹ̀ ẹ́, tún bẹ̀rẹ̀. Nígbàkigbà tí aṣọ tí o fi ń tẹ̀ ẹ́ bá ti ní àwọ̀ lójú, yí i sí ibi tó mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ńṣe ni wàá máa dá epo padà síbi tó ti wá.

Àwọn kan á yọ epo tán pátápátá, òrùka omi á wá dá sójú àga bó bá gbẹ. Ìdí rẹ̀ ni pé bí omi ṣe ń gbẹ, ó ń ti ìdọ̀tí tó wà nínú aṣọ lọ sí etí. Bí o bá ti ń parí ẹ̀yìn àga yẹn, fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nu odindi ojú náà láti ibi ìránpọ̀ kan dé ibi ìránpọ̀ kejì, kó lè gbẹ pọ̀. Ṣí fèrèsé, kọjú fáànù sí i.

Ti tìmùtìmù tó ní síìpù rọrùn ju ìyẹn. Bọ́ aṣọ rẹ̀, da ọṣẹ olómi náà gangan sójú epo nígbà tí aṣọ ṣì gbẹ, má pò ó mọ́ omi. Omi tó bá kọ́kọ́ wọ òwú kì í jẹ́ kí ọṣẹ rí epo mú. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 15, rẹ ẹ́ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí o fọ̀ ọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọṣẹ oníyẹ̀fun òde òní ní èròjà tó ń jẹ nǹkan bíi gbẹ̀gìrì, ẹyin àti ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ. Omi híhó máa ń pa èròjà yẹn, ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi kórìíra omi híhó. Bí aṣọ náà bá ti fẹ́ gbẹ tán, tó ṣì tutù díẹ̀, dá a padà sára fómù kó má bàa sún kì ju ara fómù lọ.

Bí o bá fọ̀ ọ́ tán tí àwọ̀ olómi ọsàn ṣì kù fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, sá a sóòrùn. Oòrùn á pa á.

Ìyàwó Bódìjà

Ẹ ṣeun mà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ò ní rí ìbànújẹ́. Mo ti bu àtíkè sí i báyìí. Ṣùgbọ́n ohun kan ò yé mi, mà. Ẹ ní kí ooru má kan án, ẹ tún wá ní kí n sá a sóòrùn. Oòrùn ọ̀sán Ìbàdàn yìí ńkọ́, ṣé kì í ṣe ooru náà ni?

Ìyá Alágbàfọ̀ Mọ́kọ́lá

Ìbéèrè tó dáa ni. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ooru rẹ̀ kọ́. Ohun tó ń mú epo wa pupa ni wọ́n ń pè ní carotene, òun náà ló wà nínú kárọ́ọ̀tì. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn máa ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣá. Wo aṣọ ìdáná àwọn ìyá tó ń ta oúnjẹ ní Bẹẹrẹ. Ibi tí epo ta sí máa ń pọ́n ní àárọ̀, bí aṣọ náà bá ti wà lórí okùn dìrọ̀lẹ́, ó ti rẹ̀ sílẹ̀. Iná náà ń pa àwọ̀ yẹn lóòótọ́: bí a bá gbé epo kaná títí, àwọ̀ rẹ̀ á ṣí. Ṣùgbọ́n iná tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, aṣọ á ti jó kó tó débẹ̀.

Ìdí tí mo fi ní kí o fọ̀ ọ́ tán kí o tó sá a ni pé àwọ̀ nìkan ni oòrùn ń pa, epo ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gbé e sóòrùn láìfọ̀ ọ́ á rò pé ó ti lọ. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, eruku á ti lẹ̀ mọ́ epo tí ojú ò rí, ibẹ̀ á dúdú, á sì máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Nígbà yẹn, epo náà ti gan, ọṣẹ ò ní lè mú un bíi ti tẹ́lẹ̀.

Èyí tó ní síìpù, kọ́ ọ sórí okùn. Ẹ̀yìn àga ńkọ́? Bí ẹ bá lè gbé àga náà sí ẹnu ọ̀nà tàbí fáráńdà kí oòrùn kọjú sí i, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Aláwọ̀ kírímù ni, oòrùn ò ní bà á jẹ́. Bó bá jẹ́ àga aláwọ̀ búlúù tàbí pupa ni, mi ò ní gbà ọ́ nímọ̀ràn yẹn, torí oòrùn ò mọ èyí tó jẹ́ àwọ̀ epo yàtọ̀ sí àwọ̀ àga.

Oníkẹ́mísì Ring Road

Ẹ kú àlàyé, Ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí n fi ti kẹ́mísì kún un. Bí oòrùn ò bá sí, pàápàá lásìkò òjò yìí, ẹ lè lo hydrogen peroxide onídá 3 nínú ọgọ́rùn-ún tí a ń tà nínú ìgò aláwọ̀ ilẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lábẹ́ àga. Ẹ fi aṣọ funfun bọ̀ ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ sójú ibi tí àwọ̀ kù sí, ẹ jẹ́ kó wà fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ fi omi tútù nu ún. Ó dára fún ẹ̀jẹ̀ náà lára aṣọ funfun: ẹ á rí i tó ń hó. Kì í ṣe fún aṣọ aláwọ̀ tó jin. Ẹ dé ìgò náà padà, ẹ gbé e kúrò níbi ìmọ́lẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń sọ ọ́ di omi lásán.

Ohun tó mú kí n kọ̀wé gan-an ni Hypo. Mo mọ àwọn tó máa ń po Hypo mọ́ fínígà tàbí mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́ pé kí agbára rẹ̀ lè pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Bí Hypo bá pàdé ohun kíkan, gáàsì chlorine ló ń jáde. Gáàsì yẹn ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sójú ogun ní Ypres, nílẹ̀ Belgium, lọ́dún 1915. Nínú bálùwẹ̀ kékeré, díẹ̀ rẹ̀ ti tó láti dí èèyàn lọ́fun. Bí Hypo bá sì pàdé ìtọ̀, gáàsì mìíràn ló ń jáde tó ń ta ojú tó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Nítorí náà, fómù tí ọmọ tọ̀ sí kì í ṣe ibi tí a ń da Hypo sí. Bí ẹnikẹ́ni bá ti pò wọ́n pọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, kó jáde síta lójú ẹsẹ̀, kó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, kó má padà sínú ilé títí òórùn á fi tán.

Aláṣọ Ọjẹ́

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Mo ń ta aṣọ òkè ní ọjà Ọjẹ́. Oníbàárà mi kan fi obì sínú àpò agbádá funfun, òjò pa á, obì ràn. Wọ́n fi omi borehole ilé wọn àti Hypo fọ̀ ọ́. Ó pupa rúsúrúsú tẹ́lẹ̀, ó wá dúdú. Ọmọ wọn tún da sóbò sára fìlà sányán. Wọ́n fi ọṣẹ dúdú fọ ìyẹn, ó di àwọ̀ eérú. Kí ló fà á, ṣé ó ṣì ṣeé gbà là?

Ìyá Alágbàfọ̀ Mọ́kọ́lá

Ìyálọ́jà mi, ẹ kú ọjà o, ẹ ó tà jèrè.

Obì, tíì, oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti omi kàjú, ẹbí kan náà ni wọ́n. Ohun tó ń mú wọn korò lẹ́nu ló ń mú wọn ràn lára aṣọ. Bí ohun kíkorò yẹn bá pàdé irin, dúdú ló ń dà, bí yíǹkì àtijọ́ gan-an ni wọ́n ṣe ń pò ó. Irin wá wà nínú ọ̀pọ̀ omi borehole wa ní Ìbàdàn. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ fa omi náà sínú korobá funfun, kí ẹ jẹ́ kó sùn. Mímọ́ gaara ló máa ń jáde látinú ẹ̀rọ, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ẹ ó rí ẹrẹ̀ pupa nísàlẹ̀. Irin ni. Bí ẹ bá da Hypo sínú irú omi bẹ́ẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni irin á jáde, orí aṣọ funfun ni yóò sì lọ bà sí. Ọ̀pọ̀ aṣọ funfun tí wọ́n ń gbé wá bá mi pé ó ti pọ́n, tí wọ́n rò pé Hypo wọn ò dáa, omi ni.

Agbádá yẹn, bó bá jẹ́ òwú, ó ṣeé gbà là. Ẹ kọ́kọ́ fi omi tó mọ́ ṣan gbogbo Hypo kúrò dáadáa, ẹ rántí ohun tí oníkẹ́mísì sọ. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sójú ibi dúdú náà, ẹ bu iyọ̀ sí i, ẹ tẹ́ ẹ sóòrùn. Bó bá ti ń gbẹ, ẹ tún fún òmíràn sí i. Ohun kíkan inú ọsàn ló ń tú irin kúrò lára òwú. Ẹ fọ ọwọ́ yín mọ́ kí ẹ tó jáde sóòrùn, torí omi ọsàn wẹ́wẹ́ lára àwọ̀ èèyàn nínú oòrùn máa ń jó ni, ó ń yọ ròrò. Lẹ́yìn náà kí ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, kí omi náà jẹ́ omi òjò tàbí omi borehole tó ti sùn tí ẹ rọra da òkè rẹ̀. Omi òjò tí mo ń wí kì í ṣe èyí tó ń ṣàn láti orí páànù tó ti dípẹtà o. Ẹni tó bá gun òkè Mápó tó wo àwọn òrùlé ìsàlẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Ọsàn àti iyọ̀ yìí kan náà ló wà fún ìpẹtà okùn aṣọ àti ti géètì.

Sóbò, àwọ̀ rẹ̀ máa ń yí padà. Nínú ohun kíkan, ó pupa. Bí ọṣẹ bá kàn án, ó ń di búlúù tàbí àwọ̀ eérú. Ọṣẹ dúdú wa, eérú èèpo kòkó ni a fi ń sè é, agbára eérú yẹn ló yí i padà. Ẹni tí sóbò bá dà sí lára, kó kọ́kọ́ fi omi tútù ṣan án láti ẹ̀yìn aṣọ kó lè gba ibi tó wọlé jáde, kó wá bu fínígà tí a fi omi là sí i, kó tún ṣan án. Ìgbẹ̀yìn ni ọṣẹ.

Fìlà sányán yẹn ló ń dùn mí jù. Sányán kì í ṣe òwú, ara ìtẹ́ kòkòrò ni wọ́n ti ń fa okùn rẹ̀. Hypo máa ń jẹ ẹ́ run, kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀ nìkan. Ọṣẹ oníyẹ̀fun tí mo ní kí ìyàwó wa lò fún gbẹ̀gìrì, kò gbọdọ̀ kàn án náà, torí ohun tó ń jẹ ẹ̀wà á jẹ sányán. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má fọ̀ ọ́ mọ́. Ṣíbí fínígà kan nínú ife omi tútù kan, kí wọ́n fi aṣọ funfun rọra tẹ̀ ẹ́, bí àwọ̀ eérú bá tún yí sí pupa, inú yín dùn, ó ti ń gbọ́ràn nìyẹn. Kí wọ́n máa fi omi tútù tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọn ò gbọdọ̀ fún un, wọn ò gbọdọ̀ sá a sóòrùn, abẹ́ ibòji ni kó ti gbẹ. Bí wọ́n bá bẹ̀rù, kí wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ ẹni tó mọ aṣọ òkè, kó má jẹ́ ẹni tó máa jù ú sínú ẹ̀rọ.

Bàbá Ìbejì Àpáta

Mà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó lọ. Ìbejì wa ń tọ̀ sórí fómù lóru. A ti fọ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, àmọ́ òórùn ò lọ. Ẹnì kan ní ká bu káún sí i.

Ìyá Alágbàfọ̀ Mọ́kọ́lá

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ fi káún sílẹ̀ fún ewédú. Ó ní iyanrìn nínú, á dúró sínú fómù, á sì máa yún àwọn ọmọ lára. Báákìn sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì ni kí ẹ rà.

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀, ẹ gbé tòwẹ́ẹ̀lì gbígbẹ lé e, kí ẹ fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ títí kò fi ní rí omi fà mọ́. Ẹ po fínígà àti omi tútù ní ìdọ́gba, ẹ wọ́n ọn díẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ìtọ̀ tó bá ti pẹ́ máa ń di ohun tó ń ta imú, fínígà ló ń pa ìyẹn. Kí ẹ wá bu báákìn sódà sí i kó bo gbogbo ibẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ pátápátá, kí ẹ gbá a dànù. Ẹ gbé fómù náà nàró síta kí afẹ́fẹ́ gba ojú méjèèjì. Má jẹ́ kí wọ́n da garawa omi lé e lórí láéláé, torí fómù tó nípọn kì í gbẹ lọ́jọ́ kan lásìkò òjò, inú rẹ̀ á bu, òórùn ìyẹn sì le ju ti ìtọ̀ lọ.

Kí ẹ tó dá a padà sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ fi rọ́bà bò ó, kí ẹ tẹ́ aṣọ àtijọ́ tó nípọn lé rọ́bà, kí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì wà lókè. Aṣọ àárín yẹn ni ẹ ó máa fọ̀ láràárọ̀, omi tútù àti iyọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi rẹ ẹ́.